Adelé Kóòṣì

Láti ilé-ìwé girama ni ọmọbìnrin mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Fondren Southwest, ní Houston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, là ń gbé nígbà náà, ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ síbi ìdánrawò. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó wọ yunifásítì, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wa, nítorí náà n kò rí púpọ̀ nínú eré rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù yìí ló san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ apoògùn. Ó ní kóòṣì lòun fẹ́ ṣe.

“Dádì, ẹ fi í sílẹ̀,” ìyàwó mi wí. “Ta ló san owó ilé-ìwé ẹ̀, ẹ̀yin ni àbí bọ́ọ̀lù?”

Ọdún kejì ni ìyàwó mi kú.

Ọdún mẹ́fà lọmọ mi fi ṣe igbákejì kóòṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Houston. Òun ló ń wakọ̀ lọ sí àwọn ìlú kéékèèké láti wá àwọn ọmọbìnrin tó mọ eré, á jókòó ti òbí wọn, á jẹ oúnjẹ wọn. Mo lọ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí inú bá bí i, Yorùbá ló fi ń bá wọn wí. Ó kígbe mọ́ ọmọ òyìnbó gíga kan pé, “Ṣé o fọ́jú ni?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Rárá, mà!”

Nígbà tí ìdíje ọdún kan parí, kóòṣì àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi pè mí: “Dádì, èmi ni interim head coach báyìí o.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọjá létí mi. Méjì tó gbẹ̀yìn ni mo dì mú.

Mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ṣé ẹ ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó gbé e sípò?”

“Rárá, sà.”

“Áà! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́... ẹ mọ èyí tó kù. Iléyá ti dé tán, ẹ fi ẹran kí i. Òyìnbó náà ń jẹran.”

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ ní Westchase, níbi tí mo ti ń ya àwòrán páìpù epo. Mo gbé itan àgbò kan tí mo ti sun sínú kúlà, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Mo tẹrí ba. Mo ní mo wá dúpẹ́ fún ipò tó fún ọmọ mi.

Ọkùnrin náà wo kúlà, ó wo akọ̀wé rẹ̀. Ó ní, “Sà, a ò tíì mú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń du iṣẹ́ náà lẹ́nu wò, ọmọ yín sì wà lára wọn. Òfin ò gbà mí láyè láti gba nǹkan kan.” Ó sìn mí dé ìdí mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà.

Ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́. Kò kí mi.

“Dádì, ẹran? Ẹran lẹ gbé lọ fún wọn?”

“Ẹran Iléyá ni.”

“Wọ́n ní rìbá ni! Akọ̀wé yẹn ti ròyìn ẹ̀ káàkiri. Interim ni mo sọ fún yín. In-te-rim!”

“Adelé,” ni mo wí.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé fún un pé nílé, bí ọba bá wàjà, ẹnì kan á máa tọ́jú ààfin títí wọn yóò fi yan òmíràn.

“Ẹni yẹn lè wá di ọba?”

“Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.”

Ó jókòó. Ká ní “adelé” ló sọ lórí fóònù ni, n kì bá tí kúrò nílé.

Obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n gbà síṣẹ́ náà. Mo bi ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan nínú mọ́tò bóyá ẹran yẹn ló fà á.

“Ẹ gbàgbé ẹ̀, Dádì. Ẹni tó ti ṣe é rí ni wọ́n fẹ́.” Títì ló ń wò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lápá Clear Lake fi í ṣe kóòṣì àgbà, kì í ṣe adelé. Ó ti fọwọ́ síwèé, ó ti kó àwọn ọmọ tuntun rẹ̀ wọ pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó sọ fún mi. Mo kí i kú oríire. Kò sọ ibi tí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ wà, n kò sì bèèrè.