Pólò Abẹ́ Kóòtù tí Lìádì Ń Rán

Ẹnu àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti sú mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, gígé ni wọ́n ń gé e bí ẹni ń gé ilá. Ọmọ á dúró gbọnrangandan níwájú mi, á ní, "Mọ́mì, báwo?" Mọ́mì ta ni? Báwo kí ni? Tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ kan délẹ̀, òyìnbó á ti jẹ ìdajì rẹ̀. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé wọn ò jẹ́ pe èèyàn lórúkọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Onígbàjámọ̀ ti di sítáílíìsì. Alágbàfọ̀ ti di díráíkílínà. Lìádì tó ń ránṣọ lọ́ọ̀dẹ̀ mi níbí ni wọ́n ń pè ní dìsáínà. Dìsáínà kí ni? Télọ̀ ni. Ojú mi ló ṣe nígbà tó gbé máṣíìnì wá, ojú mi náà ló ṣe lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, èmi ni kó wá bi.

Ọmọ Abà Àgbọn ni, lọ́nà Lálúpọn. Sàníù bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ó lọ́mọkùnrin mẹ́rin: mẹ́ta gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Lìádì gba abẹ́rẹ́. Ìdí àpò gàrí ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa rán ẹnu àpò. Àwọn tó kù á rán tiwọn bí ẹni tó ń bá àpò jà, Lìádì á rọra to òwú tiẹ̀ bí eyín àgbàdo, títí àwọn tó wá ra gàrí á fi máa bèèrè pé, "Ta ló rán èyí?" Bàbá rẹ̀ á ní, "Gàrí lẹ wá rà, ẹ fi òwú sílẹ̀."

Ọmọ yẹn kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta l'Ẹgbẹ́dá, ó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, ó wá gba iwájú ilé mi ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ kí i, á rẹ́rìn-ín. Ẹ bú u, á rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo rò pé etí rẹ̀ di ni.

Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti bùbá òun ṣòkòtò ló ń rán nígbà yẹn, bíi ti gbogbo télọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù bá ń kọjá lọ, á fi máṣíìnì sílẹ̀, á yọjú, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi wọlé. Ó pẹ́ kí n tó bi í.

Mo ní, "Lìádì, èwo nínú wọn lo fẹ́?"

Ó ní, "Ìyá, kọ́là ni mò ń wò."

Mo ní ayé ti bàjẹ́.

Àṣé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ooru ń mú àwọn èèyàn yẹn, táì ń fún wọn lọ́rùn. Àwọn kan ti bọ́ táì sọnù, wọ́n wá ń fi pólò sábẹ́ kóòtù. Pólò ọjà lásán. Kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀, kọ́là ti sá wọ abẹ́ kóòtù lọ, ó ti sùn síbẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ọrùn ọ̀gá á wá gbófo bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Lìádì ní òun fẹ́ rán pólò tí kóòtù ò ní lè gbé mì.

Ó gé, ó tú. Ó rán, ó tú. Èmi náà ń pa ẹ̀gúsí mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gé kọ́là àti àyà iwájú pọ̀ mọ́ra, aṣọ kan náà ni, kò sí oríkèé láàárín wọn. Ó fi sítéè, aṣọ líle inú kọ́là, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sínú rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kọ́là bá dúró fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó jẹ́ kí etí kọ́là méjèèjì gùn, kí kóòtù lè di wọ́n mú. Èjìká rẹ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi rán an pẹlẹbẹ, kí kóòtù máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ihò bọ́tìnnì náà, ọwọ́ ni. Mo fi ìka mi tọ́ ọ wò, mi ò rí àléébù, ó sì dùn mí, nítorí mo fẹ́ bá a wí.

Ìròyìn dé Abà Àgbọn pé Lìádì ò rán bùbá mọ́. Bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà wá. Ó mú ọ̀kan nínú pólò yẹn, ó nà án, ó tún nà án.

"Síngílẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là," ni Sàníù wí. "Ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta nìyí?"

"Bàbá, abẹ́ kóòtù ni wọ́n ń—"

"Ta ló ní kóòtù ní ìdílé wa? Gbọ́. Tí nǹkan yìí ò bá lójú kí àgbàdo tuntun tó jáde, èmi fúnra mi ni n ó wá gbé máṣíìnì yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń dá kọ ebè lóko. Ìyá rẹ á máa fi máṣíìnì rán àpò."

Lìádì ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sanmí dé. Tíṣà ni Sanmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó mọ̀wé, ó mọ ara á tún ṣe. Ó fẹ́ lọ kí bàbá Olúfúnmi, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ní Moniya, àkọ́lọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ táì, òun ò fẹ́ bùbá, kóòtù dúdú àti pólò Lìádì lòun fẹ́. Ara Lìádì yá gágá. Ó ní, "Ìyá, pálọ̀ àwọn èèyàn pàtàkì ló ń gbé e lọ o. Wọ́n á bèèrè ẹni tó rán an." Ó rán an ní àwọ̀ eérú. Nígbà tí Sanmí wọ̀ ọ́ jáde ní Sátidé, mi ò ní purọ́, ó dáa. Kọ́là dúró gírí. Mo ní, "Tíṣà, tí wọn ò bá fún ọ ní Olúfúnmi, máa bọ̀, Hàjàrá ọmọ mi ti dá wà báyìí."

Ọ̀sán Sọ́ńdè ló padà dé. Láílọ́ọ̀nù dúdú tó ká pólò sí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Télọ̀," ó ní, "ẹ ti pa mí."

Lìádì dìde. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Tíṣà? Ṣé kọ́là sùn ni?"

"Kọ́là ò sùn. Gbogbo wọn ló yin kọ́là. Ẹ̀gbọ́n bàbá Olúfúnmi tiẹ̀ ní kí n sún mọ́ òun kí òun fọwọ́ kàn án. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ẹn-ẹ́n kọ́ o. Mo nà gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Kóòtù fò sókè, pólò fà yọ nínú ṣòkòtò, ó ká jọ sábẹ́ abíyá mi. Gbogbo ẹ̀yìn mi wà níta."

Mo ní, "Bọ́kísà abẹ́ ṣòkòtò ńkọ́?"

"Ó hàn, Mà."

"Aláwọ̀ wo?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Olúfúnmi ò ní kó dìde. Àdúrà ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lé e lórí. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ kì í gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀ tí àgbà bá ń ṣàdúrà fún un. Sanmí wà nílẹ̀, fáànù ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn, bàbá ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Olúfúnmi kan wá ní, "Ó dáa náà. Àna ẹlòmíì máa ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn, tiwa ti fi gbogbo ẹ̀ hàn."

"Ṣé wọ́n lé ọ?" ni mo bi í.

"Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n mú àwọn òbí mi wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀yìn-Gbatẹ́gùn ni wọ́n ń pè mí báyìí, Olúfúnmi gan-an ti fi kọ orúkọ mi sínú fóònù rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Lìádì ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn gun ọkọ̀ láti Moniya, ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, ó sì ti dé Abà Àgbọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn méjì tó kó aṣọ wá tẹ́lẹ̀ wá gbà á padà. Sàníù ránṣẹ́: òun ò dúró de àgbàdo tuntun mọ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, òun ń bọ̀ wá gbé máṣíìnì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, Lìádì jókòó sídìí máṣíìnì, kò gbé ẹsẹ̀ lé e. Mi ò lè wo ìyẹn.

Mo ní, "Lára ta lo ti wo pólò yìí tó o fi gé e kúrú báyẹn?"

"Òyìnbó kan ni, Ìyá. Nínú fóònù."

"Òyìnbó yẹn, ṣé ó ní àna ní Moniya?"

Ó yọ fóònù rẹ̀ kó fi òyìnbó náà hàn mí.

"Ṣé o ti rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí? Wọ ọ̀kan. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ó wọ̀ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn yọ. Ó gbé orí sókè, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ní, "Ìyá, inú jalabíà ni mo máa ń wà tí mo bá ń kírun. Mi ò mọ̀ pé ara máa ń gùn tó báyìí."

"Ara ń gùn, télọ̀ ló kúrú. Má dìde. Gbé téèpù yẹn fún mi."

Báyìí ni mo ṣe fi orúnkún mi tó ń ké yìí kúnlẹ̀, tí mo na téèpù láti ọrùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìdí. Mi ò lè ka ohun tó wà lára téèpù, mo fi èékánná di ibẹ̀ mú títí òun fi dìde wò ó. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni ìdọ̀bálẹ̀ fi gùn ju ìdúró lọ. Odidi àtẹ́lẹwọ́! Ó fi gbogbo rẹ̀ kún ẹ̀yìn pólò, ó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì lẹ ìrépé aṣọ kékeré sábẹ́ abíyá kí ọwọ́ lè lọ síwájú láìfa ara aṣọ. Ó rán tuntun fún Sanmí. Ìdọ̀bálẹ̀ tí Lìádì dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn ju èyí tí àwọn ọmọ mi ti ṣe láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn lọ.

Jímọ̀ pé. Sanmí ti dé wá gba aṣọ rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, nígbà tí ọ̀kadà Sàníù dúró níwájú ilé. Okùn tí wọ́n máa fi di máṣíìnì wà lọ́rùn ọlọ́kadà. Sàníù wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni ju èmi lọ.

Sanmí ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó rí irun funfun. Ó nà gbalaja sílẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán, Sà."

Lìádì di ojú. Èmi ni mo yára. Mo ní, "Sàníù, ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn o. Ó ń mú ìyá òun bàbá lọ sílé àna lọ́la. Ṣàdúrà fún un."

Kí ló fẹ́ ṣe? Àgbà wo ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ báyẹn láìsúre? Ó ní, "Ọlọ́hun á là á lọ́nà." Mo ní, "Àmín. Ó kù." Ó ní, "Wọ́n á fọwọ́ méjèèjì gbà á." Mo ní, "Àmín. Ọmọ ńkọ́?" Ó súre ọmọ. Ó súre owó. Ó súre ẹ̀mí gígùn. Ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn Sanmí. Kóòtù ti gòkè díẹ̀, bó ṣe yẹ. Pólò dúró síbi tó wà. Nígbà tí àdúrà tán lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì fa etí pólò ní ìbàdí Sanmí. Kò jáde. Ó tún fà á.

"Ta ló ní kó gùn lẹ́yìn báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Lìádì wí.

Ọlọ́kadà yọjú. "Alàgbà, ṣé ká gbé máṣíìnì báyìí?"

"Máṣíìnì wo?" ni Sàníù wí. "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ máṣíìnì? Gbé mi lọ sílé, mo ní ẹ̀gẹ́ láti wú."

Kò yìn ín o. Sàníù ò yin òjò rí, ká má tíì sọ ti ọmọ. Ṣùgbọ́n okùn tó wá fi di máṣíìnì, ó gbàgbé ẹ̀ síbí.

Látìgbà yẹn, ẹní wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pólò, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí Lìádì tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní èèyàn ò lè máa dọ̀bálẹ̀ fún ògiri, ni wọ́n bá kọ orí sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí mo wà. Àwọn ọ̀gá kánsù tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ti wólẹ̀ níwájú ẹ̀gúsí mi. Roheem, ọ̀kan nínú wọn, tó ní Ọlọ́hun nìkan lòun ń forí balẹ̀ fún, ó tẹ̀ bí ẹni tó wà ní rúkúù lórí ìrun, a wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Zubaidah nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní ti obìnrin lọ́tọ̀. Mo máa ń súre fún gbogbo wọn, ẹni tó bá ti yájú sí mi rí, mo máa ń jẹ́ kí tiẹ̀ pẹ́ nílẹ̀.

Sàníù náà ti wá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á gbé gàrí dání, á jókòó, á máa fọwọ́ pa kọ́là tó so kọ́ lára ògiri bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó le bí èkùrọ́, àmọ́ tí inú rẹ̀ bá ti rọ̀ báyìí, ohun tó máa ń ṣe ni pé á—

"Ìyá Hàjàrá! Ẹ dákun, ẹ bọ́ síta! Bàbá mi ti bọ́ bùbá, wọ́n ti wà lórí ẹní, wọ́n ní àwọn ò ní dọ̀bálẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá jókòó!"

Há! Mò ń bọ̀ o! Lìádì, má jẹ́ kó dìde, àdúrà tí mo fẹ́ gbà fún Sàníù yìí, láti òní títí di ọ̀la ni!