Má-sún-mọ́-ọn

Má-sún-mọ́-ọn ni wọ́n ń pe bàbá náà, torí igbe tó máa ń ké mọ́ ẹni tó bá yà sídìí tábìlì rẹ̀ nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ méjì ló kọjú síra lórí tábìlì ọ̀hún. Ó fẹ́ mọ ìwọ̀n iná bíńtín tí wọ́n lè gbà sára, kó lè fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó máa mọ̀ bí omi táǹkì bá ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara èèyàn bá ti sún mọ́ wọn, nọ́ńbà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ ìwọnná rẹ̀ á yí. Ó lé àwọn ọmọ jáde. Ó lé ìyàwó rẹ̀ tòun ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ṣé ara tèmi náà ló wá ń ba iṣẹ́ yín jẹ́?"

Obìnrin náà kó àwọn ọmọ, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá gbáko, nọ́ńbà ò yéé fò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá náà jáde lọ na ẹsẹ̀, ó yọjú wo tábìlì rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nọ́ńbà dúró gbọin! Ó wọlé, nọ́ńbà tún ń yí. Àṣé ara tiẹ̀ ni! Ẹ ò rí nǹkan: gbogbo ayé ló lé, kò lé ara ẹ̀.

Ó sáré padà sójú fèrèsé. Ó ti ké pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó, kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa dá òun lóhùn.