Adùn Inú Kabúrétọ̀

Òórùn epo bẹntiróò àti ti gààrí tí wọ́n ń yan ló máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Erúnmu. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn tó ń yan gààrí wà, ọwọ́ òsì sì ni obìnrin kan tó ń ta epo inú ìgò gbé tábìlì rẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Àǹtí Elépo ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló bá mi bẹ onílẹ̀ kí n tó ríbi pàtẹ irinṣẹ́ mi, kò sì sí ọjọ́ tí kì í bù fún mi nínú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi nígbà náà ni, ìwọ náà sì mọ bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù ṣe máa ń yá gágá. Kí oníbàárà tó sọ ohun tó ń ṣe máṣíìnì rẹ̀ tán, mo ti dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọlọ́kadà kan tó máa ń kó èrò àti ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ìlú ti máṣíìnì rẹ̀ wá bá mi. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ kó sáré, ńṣe ló máa wúkọ́, tó máa fà sẹ́yìn, tó sì máa yìn pò bí ìbọn ọdẹ. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo rí i pé ó ń ta iná dáadáa. Mo wá tú kabúrétọ̀. Nínú àwo kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí epo ti máa ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tó fà á mu, mo rí omi kan tó dá jókòó sábẹ́ epo. Ó dúdú díẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ihò jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà kọjá, tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ti dí pátápátá. Mo fi ìka kan omi náà, mo fi kan ahọ́n. Ó dùn.

"Ṣúgà ni!" Mo fi igbe ta. "Ṣúgà ló wà nínú epo tí o rà yìí!"

Ẹyin lohùn. Kí n tó fi àkísà nu ọwọ́, ọlọ́kadà ti dé ìdí tábìlì Àǹtí Elépo. Ó ní ìgò míńírà tí kò fọ̀ ló ń rọ epo sí, àti pé ó tún ń bomi là á. Obìnrin náà gbé ìgò epo kan, ó dà á sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ wò ó! Ẹ bá mi wá omi níbẹ̀! Ẹ bá mi wá ṣúgà!" Ta ni yóò bá a wá a? Wọ́n ti gbọ́ látẹnu mẹkáníìkì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́kadà ti sọ ọ́ ní Ìyá Oníṣúgà, wọ́n sì ń kọjá lára tábìlì rẹ̀ lọ ra epo níbòmíràn.

Mo fọ kabúrétọ̀, mo fi ẹnu fẹ́ jẹ́ẹ̀tì, mo da táǹkì gbẹ, máṣíìnì sì ń lọ geere. Láti ọjọ́ náà, ilé epo ni ọlọ́kadà yìí ti ń ra epo. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún tì í dé. Omi kan náà ni, adùn kan náà. Ọ̀rẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí gan-an nìyí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé Àǹtí Elépo kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀ kí n sọ ọ́ sókè, bí mo ṣe sọ ti àkọ́kọ́ sókè. Mo ń tan ara mi pé kí n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń ṣe é ná, bẹ́ẹ̀ ìtìjú ni. Oníṣẹ́ tuntun wo ló fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé òun ṣì í mú? Mo dákẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Àǹtí Elépo ń jókòó sídìí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò yà sí, síbẹ̀ kò yé bù fún mi jẹ.

Ní Sátidé kẹta, nígbà tí ọlọ́kadà náà tún ti máṣíìnì rẹ̀ dé, mo da omi inú àwo náà sórí bébà funfun. Ó fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀. Mo gbé e símú, mo sì rántí ilé kéú tí mo lọ ní kékeré: tàdáà ni, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ Kùránì sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọ kéú. Bí àlùfáà bá fi omi fọ wàláà náà, tí wọ́n po oyin mọ́ ọn, ó di hàǹtú nìyẹn, tí àwọn ìyá wa máa ń fún wa mu kí aburú má baà ṣe wá. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ sì ni àlùfáà àdúgbò wa máa ń fọ̀ ọ́ fún àwọn èèyàn.

Ilé ìyá ọlọ́kadà ni mo kọrí sí. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè jẹ́jẹ́. Wọn kò jiyàn rárá.

"Òun fúnra ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fún," wọ́n ní. "Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń mu hàǹtú lọ. Nígbà tí kò mu ún, mo bá ń fún máṣíìnì. Ṣebí òun náà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Wọ́n wá ní, "Orí máṣíìnì ni bàbá ọmọ mi wà tí tírélà fi kọlù wọ́n. Tó bá ti jáde báyìí, oúnjẹ ò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun mi títí n ó fi gbóhùn máṣíìnì yẹn." Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé omi kì í jó nínú ẹ́ńjìnnì, àti pé bí máṣíìnì bá kú lójijì láàárín títì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máà ráyè yà. Wọ́n káwọ́ lérí. "Èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á?" Mo ní rárá o, àìmọ̀ ni. Mo wá sọ ti Àǹtí Elépo. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń sọ lórúkọ burúkú nítorí mi?"

Wọn kò dúró fọ ọwọ́. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ìdí tábìlì náà, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú eruku lójú gbogbo ọlọ́kadà, títí kan ọmọ wọn. "Èmi ni mo ń da hàǹtú sí táǹkì ọmọ mi. Kò sóhun tó ṣe epo obìnrin yìí." Àǹtí Elépo náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ wọn sáré wá fà wọ́n sókè, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó ti bú. Mo gbọ́ pé ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì mu ún tán.

Nígbà tí èrò tú ká, èmi náà lọ dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé Àǹtí Elépo yóò ní kò burú. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Láti Sátidé tó kọjá ni mo ti ń wo ẹnu ẹ," ó ní. "Nígbà tó gbé máṣíìnì yẹn padà wá pẹ̀lú epo tí kì í ṣe tèmi, mo ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó padà dárí jì mí, a sì jọ ṣe aládùúgbò fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ni mo máa ń rò. Wọ́n ṣi nǹkan ṣe nítorí pé wọn kò mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì mọ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n lọ kúnlẹ̀. Èmi mọ̀, mo sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wá ọ̀nà tí ojú kò fi ní í tì mí.