Ọwọ́ Rẹ̀ Nínú Ẹpa

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó jóná lára búrẹ́dì sínú àwo. Èmi ni mo yan án, èmi náà ni mo gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Ó ní, "Bàbá wọn, gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ẹ ò wá lè ṣọ́ búrẹ́dì fún ìṣẹ́jú méjì." Ó gbé èyí tí kò jóná fún mi, ó jẹ èyí tó ha.

Adó-Èkìtì là ń lọ lọ́jọ́ náà, láti fi ẹsẹ̀ rìn ká àwọn ibi ìtàn tó wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé wa láti Àrámọ̀kọ lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀, n kò sì mú òun lọ rí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó ní ó ti kan òun.

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí a tó wọ mọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, ó sì ti tó oṣù kan tí mo ti ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já bó bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. N kò sọ fún un. Mo rò pé ohun tí a kò bá dárúkọ lè gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

A kọ́kọ́ dúró níwájú ère sójà tó wà ní oríta, a lọ wo ẹnu ọ̀nà ààfin, a sì rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan po. Mo ń sọ ìtàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Bí ọ̀nà bá ti ga, mo máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé nǹkan, kí ó lè rí àyè mí. Mo ní kí a gun ọ̀kadà.

"Ọ̀kadà kẹ̀? Ṣé orí ọ̀kadà lẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé yín ni?"

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a wọ̀ gbẹ̀yìn kéré: yàrá gbọọrọ kan ṣoṣo, àti obìnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ìparí yàrá náà ni wọ́n gbé Ẹpa kan sí lórí tábìlì, láìsí gíláàsì tó bò ó. Ẹpa ni eégún onígi ilẹ̀ wa, orí ńlá tó ní ihò nísàlẹ̀ tí ọkùnrin ń ki orí bọ̀, tí ère ìyá ọlọ́mọ sì jókòó sókè rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú ihò náà, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó tutù," ló wí.

Ara mi ṣe gìrì. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi, èmi náà sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n, bí eégún bá ń bọ̀, gbogbo obìnrin á sá wọlé, ìyá mi àgbà á sì fi ọwọ́ bò mí lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni mí. Obìnrin kì í mọ awo. Bó bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ wí. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Jẹ́ ká máa lọ."

A kò tíì rìn ju òpó iná mẹ́ta lọ tó fi jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Òógùn bò ó lójú. "Bàbá wọn, ó dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé mi láyà."

Obìnrin aránṣọ náà gbé omi sáré jáde. "Ọsibítù o, Bàbá! Ẹ jẹ́ ká dá mọ́tò dúró!"

Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Mo sá padà. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo sá padà lọ bá igi. Mo ṣí fìlà, mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹpa náà, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé ìyàwó mi kò mọ̀ ni. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún un, nítorí náà mo ń sọ ọ́ bí àdúrà ìjẹ́wọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Obìnrin ẹnu ọ̀nà yọjú.

"Bàbá, kí lẹ gbàgbé?"

"Fìlà mi ni." Fìlà náà wà lọ́wọ́ mi.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo dé, orí ìyàwó mi wà láyà aránṣọ náà, àwọ̀ ètè rẹ̀ sì ti yí padà. Mọ́tò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn; awakọ̀ kò fẹ́ gbé e láìsí ẹbí rẹ̀ kankan. Ìyàwó mi bi mí pé níbo ni mo lọ. Mo ní mo lọ wá mọ́tò. Ó wo mọ́tò náà, ó wò mí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọsibítù, dókítà ní, "Bàbá, ká ní ẹ tètè…" Ó fa aṣọ bo ìyàwó mi lójú.

Àwọn àgbà ìjọ ló lọ túfọ̀ fún ẹbí rẹ̀ ní Ìlórò, nítorí a kì í rán ọkọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ fún àṣà náà ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ wa ló ń se oúnjẹ mi, àwọn ló ń wa mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ló ń gbé fóònù mi. Kì í ṣe Ẹpa ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ni, àgbẹ̀ oníkòkó tó ń bọ Ògún títí dòní. Bí fóònù bá dún, mo máa ń nà án sí ọmọ tó bá wà nítòsí. N kò mọ ojú tí n ó fi sọ fún un pé mo fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí pèpéle. Mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, irọ́ tí mo pa fún ìyàwó mi ni n ó máa bá gbé.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, mo wọ takisí dé Ìjerò, mo sì gun ọ̀kadà dé Ìlórò. Mo bá ẹ̀gbọ́n náà níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí símẹ́ǹtì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo dìde sórí ìkúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ó gbọ́ ọ dé ibi Ẹpa, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àna mi! Ta ló sọ fún ọ pé obìnrin kì í fọwọ́ kan Ẹpa? Ìyá wa ló ń fi osùn kun tiwa, àbúrò mi ló sì ń gbé abọ́ osùn dání fún un. Ìwé tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, kò sí èyí níbẹ̀?"

Mo ní kò sí níbẹ̀. Mo ní n kò tíì sọ ọ́ tán. Mo sọ ìyókù: pé mo fi í sílẹ̀, pé mọ́tò ti dúró dè mí, pé mo purọ́ fún un.

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó padà sídìí kòkó rẹ̀, ó ń yí i, ìlà kan, ìlà kejì. "Ó yẹ kí o gbé e lọ," ló wí níkẹyìn.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n máa lọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí tó fi yí gbogbo kòkó náà tán. Nígbà náà ló wọlé, ó sì gbé àga méjì jáde. Lílọ tí mo lọ jẹ́wọ́ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú: kò sí ẹni tó bá mi lọ, kò sì sí ẹni tó bá mi sọ ọ́.