Obìnrin Tó Ń Pe Sàláwù Láràárọ̀

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n Kúbúrá lẹ́ran láyà dáadáa. Obìnrin tó sanra tó sì lẹ́rìn-ín ni. Iwájú ilé wọn ní Dópẹ̀mú ló ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì fẹ́ràn àwàdà ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá bá a lẹ́nu máṣíìnì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà tó máa ń ta á lọ́kàn láràárọ̀. Orúkọ nǹkan ọ̀hún ni Catherine.

Catherine kì í ṣe àlè ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fojú burúkú wo ìyá àgbà. Ará Èkìtì ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó sì ń dá gbé ní Àgídìngbì. Kúbúrá mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ àlàyé.

Kòkòrò HIV ló so Catherine àti Sàláwù, ọkọ Kúbúrá, pọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà lára àwọn méjèèjì. Kúbúrá mọ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Sàláwù fúnra rẹ̀ ló sọ fún un, tó sì mú un lọ bá dókítà. Dókítà ní bó bá ti ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kúbúrá kò ní in, Sùlíyá ọmọ wọn tó ti wọ girama náà kò ní in. Títí dòní làwọn èèyàn kan ṣì ń pe àrùn yìí ní kògbóògùn, Sàláwù sì rèé, irun ti ń funfun lórí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà, ó sì ń jẹ ẹ̀bà bí ọmọ ogún ọdún.

Ayé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò rí báyìí. Oògùn ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ojú sì ń ti èèyàn láti lọ gbà á. Àwọn kan tí wọ́n máa ń pàdé lẹ́yìn ilé ìwòsàn wá bá ara wọn ṣe àdéhùn. Bí o bá ti gbé oògùn mì láàárọ̀, fíláàṣì ẹnìkejì rẹ. Jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, kí o pa á. Òun náà yóò fíláàṣì padà. Bí o bá ń fíláàṣì tí kò sí èsì, dìde, kí o lọ wò ó nílé. Nínú gbogbo wọn, Sàláwù àti Catherine nìkan ló ṣẹ́kù.

Kí ni Kúbúrá wá ń jowú sí? Ó pọ̀. Catherine a máa pe ọkọ rẹ̀ ní Sàláwù lásán, nígbà tí òun aya ilé ń pè é ní Bàbá Sùlíyá. Bí ìyá náà bá wá kí wọn, ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa oògùn ayé àtijọ́ tó korò yóò mú kí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn, Kúbúrá yóò sì dúró tòun ti omi tútù tó gbé wá, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tí ara Sàláwù ku egungun, táwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá fún un, Catherine ló ń fi ṣíbí fún un lógì. Bí Kúbúrá bá bi í léèrè nípa ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé, "Ìyẹn ti kọjá." Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Kúbúrá wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni èrò burúkú kan yọ́ wọ inú ọkàn rẹ̀: ibi tí àwọn méjì yìí wà, òun kò ní lè dé ibẹ̀ láéláé. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji òun, ṣùgbọ́n èrò náà kò lọ.

Èyí tó wá burú jù ni ti iṣẹ́ àárọ̀. Ilé iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé, èyí tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì máa ń sọnù. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó bá kan Sàláwù láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ilé ló máa ń fi fóònù rẹ̀ sí kó tó jáde ní ìdájí. Kúbúrá ló máa ń bá a dá Catherine lóhùn. Obìnrin kan yóò fíláàṣì ọkọ rẹ, ìwọ ìyàwó lo máa fi ọwọ́ ara rẹ fíláàṣì padà. Ẹ bá mi wo irú èyí.

Ní ọjọ́ kan nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibà dá Kúbúrá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ nígbà tí Sàláwù dé ní ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe bọ́ bàtà báyìí ló bi í pé, "Ìyá Sùlíyá, Àǹtí Catherine ti fíláàṣì?"

"Wọ́n ti fíláàṣì," ni Kúbúrá wí. Ìgbà tó yá ni Sàláwù tó fọwọ́ kàn án lọ́rùn, tó ní ara rẹ̀ gbóná. Ó lọ ra oògùn ibà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ béèrè ni Kúbúrá gbé sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kúbúrá wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Nígbà tí Sàláwù dé tó béèrè, ó ní òun ti dáhùn. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe fíláàṣì mọ́. Fóònù náà dún, ó dún, ó tún dún, títí Kúbúrá fi pa á pátápátá. Ó sọ fún Sàláwù ní ìrọ̀lẹ́ pé bátìrì ló kú, pé kò sí iná. Iṣẹ́ ti tán ọkọ rẹ̀ lágbára, ó jẹun, ó sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Kúbúrá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì nígbà tí Catherine sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Aṣọ dúdú ló wọ̀ látòkèdélẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Kúbúrá kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìkíni.

"Kúbúrá, ṣé ẹ ti sin ín?"

Kúbúrá dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Mi ò bínú pé ẹ ò pè mí. Sáà mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí."

"Mọ́mì, ibi iṣẹ́ ni wọ́n lọ."

Catherine dì mọ́ òpó ilé, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára fóònù Sàláwù tó wà lórí máṣíìnì.

"Bátìrì ló kú?"

"Rárá, Mọ́mì. Èmi ni mo pa á. Mò ń jowú yín ni."

Catherine kò bú u. Ó fi etí gèlè nu ojú. "Gbogbo ẹgbẹ́ wa yòókù ni mo lọ wò báyìí," ló wí, "bí mo bá ti fíláàṣì tí wọn ò dáhùn. Ìyàwó ló máa ń jáde sí mi. Ìwọ nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ibi iṣẹ́ ló lọ." Ó dìde. Ó ní kí Kúbúrá má wulẹ̀ sọ fún Sàláwù, pé kò ní jẹ́ kó sùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàláwù dé, tó jókòó ti ẹ̀bà, tó béèrè bóyá Àǹtí ti fíláàṣì, Kúbúrá kò lè parọ́ mọ́. "Wọ́n wá," ló wí.

Sàláwù, tó mọ ohun tó ń gbé Catherine jáde nílé láàárọ̀, fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ mélòó ni o ò fi dá wọn lóhùn?"

Kúbúrá sọ fún un. Kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó gba Àgídìngbì lọ, ẹ̀bà sì tutù sórí tábìlì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Kúbúrá wá jẹ owú yó.

Ní ìdájí, Sàláwù mú fóònù rẹ̀ dání lọ. Ó ní bó bá máa sọnù lẹ́nu géètì, kó sọnù.

Kúbúrá jókòó sídìí máṣíìnì. Nígbà tí àkókò tó, kò sí ohun tó dún. Ó ti ń gbàdúrà fún irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí tipẹ́, ó sì rò pé yóò dùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe. Ìgbà yẹn ló yé e pé gbogbo ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ àárọ̀ wọ̀nyẹn, ọwọ́ òun ló ń sọ fún Catherine pé ọkọ òun wà láàyè. Òun náà ti wà láàárín wọn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò. Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó fíláàṣì Catherine, ó pa á.

Kò pẹ́ tí Catherine fi pè é.

"Kúbúrá, kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Sàláwù?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, Mọ́mì. Èmi ni mo ń fíláàṣì yín."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí, ó sì pa fóònù.

Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún. Àlàáfíà Sàláwù ni Catherine náà kọ́kọ́ béèrè.