Ìtọ̀ Tó Mọ́ Gaara

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní Ìbarà fún mi ní ike kékeré pé kí n tọ̀ sí i. Òórùn ike tuntun yẹn ló gbé mi padà sí abúlé ìyá àgbà mi, nígbà tí mo ṣì kéré.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wọ kóòtù wá bá wa lọ́sàn-án gangan. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àrùn inú odò, èyí tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, fún àwọn àgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìlérí iná mànàmáná ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni òun àtàwọn tó bá a wá pín ike fún àwa ọmọkùnrin.

Lábúlé wa, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n ti di géńdé nìyẹn. Ti Múfù ọ̀rẹ́ mi pọ́n bíi sóbò. Tèmi mọ́ gaara, nítorí ikọ́ tó máa ń sé mi lọ́fun kì í jẹ́ kí ìyá àgbà gbà kí n wẹdò.

Múfù gbé ike mi sókè. “Ẹ wá wò ó, omi lásán! Ọmọdé ṣì ni ẹ́, jàre.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wá rí Yorùbá sọ wàyí. “Ẹ kú oríire, Màmá. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọmọ yín.”

Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Èmi ń sunkún.

Wọ́n kó àwọn tí tiwọn pọ́n jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fún wọn ní oògùn àti bisikíìtì. Wọ́n jọ ń bì, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Odò yẹn ló fún Múfù ní àìsàn àpòòtọ̀ tó padà pa á lẹ́yìn tí a dàgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pín ike náà, nígbà tí ìyá àgbà sùn lọ, mo dá sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Mo wọ inú omi títí ó fi mù mí dé ọrùn, mo dúró síbẹ̀, mò ń retí kí èmi náà di géńdé.