Ọrun Tí Bàbá Mi Lò Kẹ́yìn

Ìró ọ̀bẹ lára igi ọfà ni mo fi ń rántí bàbá mi. Ọdẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ irin yíyọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sango ló kó ikọ́ bá wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fá ọrun wọn kó lè rọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń fá ọfà kó lè bá a mu. Wọ́n á ní, "Ọfà tó bá le ju ọrun lọ, ẹ̀gbẹ́ ẹran ló ń gbà kọjá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Ara mi le. Ilé ti gba igbó Ọ̀tà tán, òkété ló kù. Ṣé ọrun líle ni n ó fi pa òkété ni?"

Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ tí a sin wọ́n, mo mú ọrun náà lára ògiri. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi fa okùn rẹ̀ dé etí; ó rọ̀ ju èyí tó lè pa òkété pàápàá lọ.